Òṣùwọ̀n Tí Kò Gbọ́ Èdè Wa

Kò sí obìnrin tí ó mọ ọjà ná tí yóò ra gààrí láìkọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú kóńgò tí a fẹ́ fi wọ̀n ọ́n fún un. Ó mọ̀ pé àwọn òǹtajà kan a máa lu ìdí kóńgò wọ inú, kí ó lè dà bí ẹni pé kóńgò kún nígbà tí kò kún. Kì í ṣe pé ó kórìíra òǹtajà. Kì í sì í ṣe pé kò gbà pé ó yẹ kí a wọn gààrí. Ohun tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ sọ ni pé kí a tó gba ohun tí òṣùwọ̀n wí gbọ́, ó yẹ kí a yẹ òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ wò.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọgbọ́n tí obìnrin tí kò ka ìwé ń lò nídìí gààrí, àwa ọ̀mọ̀wé kì í sábà lò ó nígbà tí ohun tí a ń wọ̀n bá jẹ́ ọkàn ènìyàn. Lọ́dọọdún ni àwọn olùwádìí ń sọ fún wa iye nínú wa tí ìbànújẹ́ ti di àìsàn fún, iye tí àníyàn ń dà láàmú, iye àgbàlagbà tí iyè wọn ti ń ra, àti bí làákàyè àwọn ọmọ wa ti tó. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nọ́ńbà sì máa ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkàn kì í ṣe irin, kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe agolo. Ọ̀rọ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá gbọ́ èdè ẹni tí a ń wọ̀n, nọ́ńbà tí ó ti ibẹ̀ jáde kò ju ariwo lọ, bí a tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́wàá. Èyí ni mo fẹ́ jà fún nínú àròkọ yìí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, kí ẹni tí kì í ṣe ará ìdí rẹ̀ lè bá wa rìn. Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹni tí ó ń kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kò lè la àyà ènìyàn wò. Ìbéèrè ni ó ń bi í. Yóò to gbólóhùn bí ogún sílẹ̀, yóò sì ní kí ẹni tí ó ń dáhùn sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bá a mu sí: bóyá kò bá a mu rárá, bóyá ó bá a mu díẹ̀, bóyá ó bá a mu gan-an. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Yóò ro àwọn máàkì náà pọ̀, yóò wá ìpíndọ́gba wọn, yóò sì fi ti àwùjọ kan wé ti èkejì.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ìṣirò ti ń wọlé. Láti ìgbà tí Ronald Fisher, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1925 fún àwọn olùwádìí ni ó ti di àṣà láti máa bèèrè pé: bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan ní tòótọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni irú àbájáde yìí lè ṣèèṣì wáyé? Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ogún ìgbà, a ó ní àbájáde náà ṣe pàtàkì. Ní 1951, Lee Cronbach, ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ tí a fi ń mọ bí àwọn ìbéèrè inú ìwé kan ṣe ń bá ara wọn rìn sí. Bí èsì ìṣirò yìí bá ti tó 0.7, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó máa ń yọ̀ bí ẹni tí ó yege ìdánwò. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn pé òṣùwọ̀n àwọn dára.

Èmi kò bá Fisher jà, n kò sì bá Cronbach jà. Cronbach fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Paul Meehl kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1955, níbi tí wọ́n ti fi hàn pé iṣẹ́ ńlá mìíràn ni láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ìdánwò kan ní òun ń wọ̀n ni ó ń wọ̀n lóòótọ́. Pé àwọn ìbéèrè ń bá ara wọn rìn kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ wú kì í parọ́ lónìí kí ó sọ òtítọ́ lọ́la. Irọ́ kan náà ni yóò máa pa lójoojúmọ́, láìyẹsẹ̀. Bí a bá fi ìlànà Cronbach nìkan dán an wò, yóò yege.

Ibo wá ni ìdí òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti wú? Ibi tí mo ti lè jẹ́rìí ni ibi ìtumọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń gbé ìwé ìbéèrè wá bá mi pé kí n bá wọn sọ ọ́ di Yorùbá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sábà máa ń gbé e wá, Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ń fẹ́ ẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ sọ fún mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sáà bá wa tú u. Ibi tó le nínú iṣẹ́ náà ti parí.” Ọmọlúàbí ni ọmọ náà, kò sì mọ̀ pé òun sọ ohunkóhun tí kò dára. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sọ. Wọ́n kọ́ ọ pé ìṣirò ni ìmọ̀, pé ìtumọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé.

Ẹ wo ohun tí ó gbé lé mi lọ́wọ́. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà wà nínú ìbànújẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Mo lè kọ “inú mi bàjẹ́”. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lédè Yorùbá, nǹkan ni ó bà á jẹ́: wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni, tàbí wọ́n já a kulẹ̀, tàbí òfò ṣẹ̀ ẹ́. Ìwé ìbéèrè náà kò sì wá òfò kiri. Ohun tí ó ń wá ni ìbànújẹ́ tí kò ní ìdí. Bí mo bá kọ “inú mi kò dùn”, ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé ìbínú ni mò ń wí. Bí mo bá kọ “ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì”, mo ti bọ́ sínú èdè ìwàásù, ẹni tí ó bá sì jẹ́ onígbàgbọ́ lè kọ̀ láti gbà á, kí ó má baà dà bí ẹni tí kò ní ìrètí nínú Ọlọ́run. Ìbànújẹ́, ìrẹ̀wẹ̀sì, ìdààmú, ìpòrúurùu ọkàn: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Kì í ṣe pé èdè wa tálákà. Ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe nílẹ̀ wa kì í sábà ti orí ọkàn bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Yóò ní orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun bí ìgbà tí èèrà ń rìn, pé àyà òun ń já, pé oorun kò kun òun. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ nípa irú ẹjọ́ báyìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń rò. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ara ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sọ̀rọ̀ ọkàn. Síbẹ̀, ẹ kó ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n gbé dé láti òkè òkun jọ, kí ẹ wá orí gbígbóná nínú wọn. Agbára káká ni ẹ ó fi rí i.

Wọ́n á dá mi lóhùn pé àwọn ní oògùn fún èyí. Láti ìgbà tí Richard Brislin ti kọ̀wé lé e lórí ní 1970 ni àwọn olùwádìí ti gbẹ́kẹ̀ lé ìlànà kan: ẹnìkan yóò tú ìwé náà sí Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ojúlówó rẹ̀ yóò sì tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì bá bára mu, a ti yege nìyẹn. Ìlànà náà dára tó ibi tí ó dára dé. Ṣùgbọ́n ta ni ẹnì kejì yìí? Ọ̀mọ̀wé bíi tiwa ni. Bí ó bá ti rí Yorùbá tí ó wọ́, kíá ni ó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Mo dán an wò nígbà kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ gbólóhùn kan tí ó tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ: “Mo nímọ̀lára pé ìkùnà ni mí.” Ẹni tí ó tú u padà gbé Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àbùkù wá. Mo wá ka gbólóhùn kan náà sí etí obìnrin tí ó ń sun bọ̀ọ̀lì nítòsí ọgbà wa. Ó wò mí lójú títí, ó ní, “Bàbá, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?” Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìwádìí náà fẹ́ wọn ọkàn rẹ̀?

Ká tilẹ̀ ní ìtumọ̀ dára, ìdáhùn ńkọ́? A rán ọmọ ọdún méjìlélógún sí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí i, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì bi í pé, “Mà, ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ti rò ó pé ó sàn kí ẹ kú?” Ìyá ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀: Rárá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” kì í ṣe ìdáhùn. Àdúrà ni, ó sì tún jẹ́ ìbáwí fún ẹni tí ó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé. Bákan náà ni “A dúpẹ́” kì í ṣe ìròyìn nípa ìlera. Ẹni tí ó ń jẹ̀rora lórí ibùsùn yóò kọ́kọ́ wí pé “A dúpẹ́”, lẹ́yìn náà ni yóò tó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, bí ẹni tí ó bi í bá jẹ́ ẹni tí ó tó bi í. Ìwé ìbéèrè kì í dúró de ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Ẹ má ṣe rò pé àwàdà lásán ni mò ń fi gbogbo èyí ṣe. Láàrin 2002 sí 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ńlá kan nípa ìlera ọkàn ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá. Ènìyàn 4,984 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: ènìyàn 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn ti ṣe rí láyé wọn. Ní 2005, irú ìwádìí kan náà ní Amẹ́ríkà ti gbé 46.4 nínú ọgọ́rùn-ún jáde. Ní ti àìsàn àníyàn tí kò ní ìdí kan pàtó, àti ti ìpayà tí ìjàǹbá ń fi sílẹ̀ lọ́kàn ẹni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹyọ ẹnìkan tí wọ́n rí i lára rẹ̀ nínú gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró sórí èyí. Èdè tí ó ní àníyàn, tí ó ní ìpayà, ìfòyà, àìfọkànbalẹ̀, àyà jíjá, ọkàn tí kò sinmi. Ilẹ̀ tí ènìyàn ti ń bá ìjàǹbá mọ́tò àti àwọn adigunjalè pàdé: nínú ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ènìyàn, tàbí díẹ̀ kí ó tó bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ní in! Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni ara wa le ju ti ará Amẹ́ríkà lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò kan ilẹ̀kùn tí ó yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gúrèjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ara pamọ́: wọ́n kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ wọn pé ó dà bí ẹni pé bí àwùjọ náà ṣe rí àti bí a ṣe ń ṣàwárí àìsàn wà lára ohun tí ó mú kí iye náà kéré. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nìyẹn. Àmọ́ nọ́ńbà ní ẹsẹ̀ ju ìkìlọ̀ lọ. Nọ́ńbà yóò rin ìrìn àjò dé inú ìwé àwọn ìjọba àti ti àwọn àjọ àgbáyé. Ìkìlọ̀ yóò jókòó sílé.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà ni ẹ̀mí ènìyàn. Ìwádìí kan náà fi hàn pé láàrin àwọn tí àìsàn yìí ti sọ di aláìlágbára gidigidi, nǹkan bí 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìtọ́jú gbà láàrin oṣù 12. Bí a bá wá ní kí a fi iye aláìsàn pín owó, oníṣègùn àti oògùn, tí òṣùwọ̀n wa kò sì rí ìdajì àwọn aláìsàn, àwọn tí kò rí yìí kò ní í ní ìpín. Ẹni tí “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” rẹ̀ di “Rárá” yóò padà sílé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Ibi tí òṣùwọ̀n bá ti ka ènìyàn kún òmùgọ̀ ni ó tún burú jù. Ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò kan ní ilẹ̀ Faransé láti fi mọ àwọn ọmọ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìwé. Binet kìlọ̀ pé kí a má ṣe sọ ọ́ di òǹtẹ̀ tí a lù mọ́ ọmọ lára títí ayé. Nígbà tí ìdánwò náà dé Amẹ́ríkà, ohun tí ó kìlọ̀ fún gan-an ni wọ́n ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n fi irú rẹ̀ wọn àwọn ọmọ ogun tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ní 1923, Carl Brigham fi àbájáde rẹ̀ kọ ìwé kan pé làákàyè àwọn ará ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn Yúróòpù rẹlẹ̀ sí ti àwọn ará àríwá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn náà. N kò sọ pé ìwé Brigham nìkan ni ó bí òfin náà, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí àwọn olùgbèjà òfin náà ń nà sókè. Ní 1930, Brigham fúnra rẹ̀ jáde ó ní òun ṣìnà: ó ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ṣe ìfiwéra láàrin àwọn tí èdè abínibí wọn yàtọ̀, ìwé òun kò sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo bu ọlá fún un. Àmọ́ títí di 1965 ni ìpín tí òfin náà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi wà. Brigham kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kò rí ènìyàn kankan kó padà.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyí kò tíì ka ìwé tí Richard Lynn àti Tatu Vanhanen tẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n kọ ìwọ̀n làákàyè orílẹ̀-èdè 185 síbẹ̀. Nínú wọn, 81 péré ni wọ́n rí èsì ìdánwò fún. 104 yòókù, ojú ni wọ́n fi bù ú láti ara àwọn aládùúgbò wọn. Níbi tí wọ́n ti fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 100, 67 ni wọ́n fún Nàìjíríà. Ìsàlẹ̀ 70 sì ni ibi tí àwọn oníṣègùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wò ó bóyá ọpọlọ ènìyàn kò pé. Ohun tí nọ́ńbà náà ń wí nìyí: pé ìyá alájọ tí ó ń fi orí ṣírò owó ọgọ́ta ènìyàn, àti awakọ̀ tí ó ń fi èdè mẹ́ta pe èrò ní ìdíkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀. Ní 2010, Jelte Wicherts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí tí a gbé èyí kà wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ìwádìí tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ṣe dáadáa ni a yọ sílẹ̀ láìsí ìlànà gúnmọ́ kan. Síbẹ̀ nọ́ńbà náà kò kú.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń pè ní làákàyè? Ní 1975, Joseph Glick ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn àgbẹ̀ Kpelle ní Làìbéríà. Wọ́n kó oríṣiríṣi nǹkan síwájú wọn pé kí wọ́n tò ó ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Àwọn àgbẹ̀ náà kó ọ̀bẹ ti ohun tí ọ̀bẹ ń gé, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n í ṣe. Lójú ìdánwò, òmùgọ̀ ni wọ́n. Ó sú olùwádìí, ó wá bi wọ́n pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ti ṣe é. Kíá, wọ́n kó oúnjẹ sọ́tọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ṣe ń fẹ́! Nílẹ̀ Yorùbá náà, ọgbọ́n, ìmọ̀, òye àti làákàyè kì í ṣe ohun kan náà, kò sì sí èyí tí ó dá ìwà sílẹ̀ nínú wọn. Ọmọ tí ó yára dáhùn níwájú àgbà kí a tó bi í, ìdánwò yóò fún un ní máàkì. Ìyá rẹ̀ yóò ní kò gbọ́n.

Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn tí a jọ ń kọ́ Yorùbá ti ń kan sáárá sí mi pé mo ti dá ìmọ̀ sàíkọ́lọ́jì lẹ́bi. Wọ́n a máa sọ pé ọkàn kò ṣeé wọ̀n, pé nọ́ńbà jẹ́ ohun òyìnbó. N kò sí pẹ̀lú wọn. Àwa tí a ní ètò òǹkà tí ó ń fi èèdín ṣe ìṣirò, tí a fi ojú odù mẹ́rìndínlógún bí 256, ta ni yóò sọ fún wa pé òǹkà kì í ṣe tiwa? Bí a kò bá sì wọ̀n rárá, ojú lásán ni a ó máa fi mọ aláìsàn, ojú lásán sì máa ń ṣe ojúsàájú.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí ó dára kò jìnnà sí wa. Ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n yẹ iyè àbúrò ìyá mi kan wò. Wọ́n bi í ní déètì, wọ́n bi í ní àjà tí a wà nínú ilé náà, wọ́n ní kí ó máa yọ 7 kúrò nínú 100 lọ sísàlẹ̀, kí ó sì pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Màmá tí kò dé ilé ìwé rí! Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyè rẹ̀ ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ gbogbo ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó àti ọjọ́ ọjà tí olúkúlùkù dá. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn kan náà, láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí ó di olóògbé ní 1995, àti àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì, bá àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí nípa àrùn iyè ríra. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò kò gbẹ́kẹ̀ lé ìwé kíkà. Wọ́n tún un ṣe kí ó lè bá Yorùbá mu. Wọn kò sì fi mọ sọ́dọ̀ arúgbó nìkan: wọ́n bi ẹbí rẹ̀ bóyá ó ṣì ń ṣe ohun tí ó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 2001, wọ́n kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó Yorùbá, 1.35 ni àrùn náà ń mú lọ́dún, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 láàrin àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Nọ́ńbà nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n èyí ṣeé dúró lé, nítorí pé àwọn tí ó gbé e jáde ti kọ́kọ́ yẹ òṣùwọ̀n wọn wò, ó sì ti bí ìbéèrè tí ó wúlò nípa oúnjẹ àti ìgbé ayé.

Àwọn kan yóò tún ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ní ẹ̀yà, pé ohun tí a bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní òkè òkun ti fìdí múlẹ̀ níbi gbogbo. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo ilé ọ̀hún dáadáa. Ní 2010, Joseph Henrich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún mú un wá sójú táyé pé nínú àwọn ìwé ìròyìn sàíkọ́lọ́jì tí ó lókìkí, 96 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí a yẹ̀ wò wá láti àwọn ilẹ̀ tí kò ní ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn àgbáyé lọ. Ní 2015, àwọn olùwádìí tún 100 ìwádìí ṣe. 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é sọ pé àbájáde àwọn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n 36 péré ni ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a tún un ṣe. Ilé tí àwọn tí ó kọ́ ọ ti ń tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kí ló dé tí àwa àlejò fi ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀?

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí olùwádìí kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ènìyàn, kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó fẹ́ wọ̀n, kí ó tó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ó ka ìbéèrè náà fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ó yé wọn. Kí ògbufọ̀ wà níbi tábìlì láti ọjọ́ kìíní, kí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ náà, kí ó lè gba ìyìn rẹ̀ kí ó sì lè gba ẹ̀bi rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n máa tẹ ìbéèrè náà jáde ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bi í. Àìmọye ìwé ìwádìí ni mo ti kà tí ó fi ìṣirò Cronbach hàn mí tí kò fi ẹyọ gbólóhùn Yorùbá kan hàn mí. Wọ́n bo kóńgò, wọ́n ní kí n gba iye gààrí.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá náà kò sì mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ní 1984 àti 1990, àwọn aṣáájú wa gbé ìwé èdè-ìperí jáde tí a fi lè kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ ti parí. A mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà gbólóhùn, a kò tíì to orúkọ ìrora tí àwọn ènìyàn wa ń jẹ lẹ́sẹẹsẹ fún oníṣègùn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbé ìwé rẹ̀ wá ní Ọjọ́ Ẹtì, mo tú u fún un ní Ọjọ́ Ajé. Mo gba owó mi. Lónìí, bí ó bá tún padà wá, n ó ní kí ó jókòó, kí á jọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí ó ń sun bọ̀ọ̀lì, kí á kọ́kọ́ bi í bí wọ́n ṣe ń pè é.